Ẹnu Gbígbẹ Ládàánì

Ọdún méjìlélógún ni Bùràímọ̀ fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí agbo ilé wọn ní Ẹdẹ, kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́. Ọ̀fun kò dùn ún. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ó jí ní àkókò tó máa ń jí, ó gbọ́ tí àkùkọ ń kọ, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àjà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde. Ó mọ ibi tí bàtà òun wà. Àmọ́ láti orí ibùsùn dé ibi bàtà yẹn jìn lójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kó fẹsẹ̀ rìn dé Ìwó.

Ẹlòmíràn ló pe ìrun àsùbáà lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn ló tún pè é lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ pé ládàánì dà.

Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ike àti abọ́ níwájú ilé, ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó se oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn, ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e tì. Ó ránṣẹ́ pe Naimat, ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìwó. Naimat wá, ó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lé bàbá lẹ́sẹ̀. Bùràímọ̀ di ọmọ náà mú dáadáa kó má baà já bọ́, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín sí i. Ìyẹn ló dun Sìmbíátù jù lọ. Ó wọ yàrá, ó sunkún tirẹ̀ níwọ̀nba, ó nu ojú, ó sì jáde wá dá oníbàárà lóhùn.

Wọ́n ṣe àdúà, kò sí irú èyí tí wọn ò ṣe. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ wá jókòó ti Bùràímọ̀ ní odidi ọ̀sán kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan bá a wí. Ìgbà tó ń lọ ló sọ fún Sìmbíátù lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá Naimat, àdúà ò ní kéèyàn má lọ sílé ìwòsàn o. Ẹ mú wọn lọ."

Ilé ìwòsàn náà ni wọ́n ti bá Dókítà Adébáyọ̀ pàdé, ọkùnrin kan tó rọra máa ń sọ̀rọ̀, tó sì máa ń dúró kí èèyàn parí gbólóhùn rẹ̀ kó tó fèsì. Ó béèrè nípa oorun, ó béèrè nípa oúnjẹ, ó béèrè bóyá Bùràímọ̀ ti ń rò ó pé ó sàn kí òun má sí láyé.

"Mo ti rò ó," Bùràímọ̀ wí.

Ọwọ́ Sìmbíátù wá ọwọ́ rẹ̀ kàn lórí àga. Kò tíì gbọ́ ọ rí.

"Àìsàn ni, Bàbá," dókítà wí. "Ìsoríkọ́ là ń pè é. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́."

Ó wá ṣàlàyé pé ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ lórí oògùn àìsàn náà. Bí Bùràímọ̀ bá fẹ́, ó lè wọ inú rẹ̀. Bí kò bá fẹ́, wọn á tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Àwọn kan máa lo oògùn náà gan-an, àwọn yòókù máa lo hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ tí kò ní oògùn ìsoríkọ́ kankan nínú. Aláìsàn ò ní mọ èyí tóun ń lò, dókítà náà ò ní mọ̀ ọ́n. Bí ara ẹnikẹ́ni bá sì ń burú sí i, wọn á yọ ọ́ kúrò, wọn á tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn," dókítà fi kún un. "Ẹnu yín lè máa gbẹ. Oorun lè máa kùn yín díẹ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ẹ bá lò, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí o."

Ká sọ òótọ́, Bùràímọ̀ ò gbọ́ "èyíkéyìí" yẹn. Láwọn oṣù wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kì í wọlé sí i lódindi, ajẹkù rẹ̀ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó dì mú ni pé oògùn máa ń mú ẹnu gbẹ. Ó fọwọ́ síwèé, wọ́n fún un ní ìgò kékeré kan, ó fi sápò.

Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta tó ní irú ìgò yẹn lọ́wọ́. Jacob lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìlú Ara, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi níbẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí Comfort, ìyàwó rẹ̀, ti kú, tó sì ń dá gbé. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Bùràímọ̀ wọ inú ìwádìí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa wá. Wọn ò bára wọn sọ ju "ẹ kú ìjókòó o" àti "a dúpẹ́" lọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì ò lókun ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bùràímọ̀ jí, ahọ́n rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó gbé itọ́ mì, kò rí itọ́ gbé mì. Ó dìde jókòó lórí ibùsùn.

"Sìmbíátù!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé tòun ti ìgbálẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ òun báyẹn.

"Kí ló dé? Kí ló ṣe yín?"

"Ẹnu mi gbẹ."

"Ẹnu yín gbẹ?"

"Ó gbẹ táútáú. Bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ìyá Naimat, ti gidi ni wọ́n fún mi!"

Sìmbíátù bu omi wá. Bí Bùràímọ̀ ṣe ń mu omi náà, ìyàwó rẹ̀ rí i pé nǹkan kan ń rákò bọ̀ lójú ọkọ òun, ohun kékeré, bíi kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé kan díẹ̀. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kóun tún bù sí i.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra píọ́ wọ́tà ní àpò-àpò sílé. Bùràímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Kò yá kíákíá. Lọ́jọ́ kìíní, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó níwájú ilé ti ike ìyàwó rẹ̀, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Ìgbàkigbà tí àárẹ̀ ọkàn yẹn bá tún fẹ́ tì í padà sórí ibùsùn, á fi ahọ́n kan ètè, á rí i pé ó gbẹ, á sì sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ wo oko rẹ̀ lọ́nà Alájue, ó rí i pé koríko ti gbà á, ó sì bínú sí koríko náà. Inú Sìmbíátù dùn pé ó bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú bútà rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó sì lọ dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìpè àsùbáà. Ohùn rẹ̀ há ní gbólóhùn kejì nítorí gbígbẹ ẹnu. Ó dánu dúró, ó mu omi, gbogbo àdúgbò gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, lẹ́yìn náà ló tún gbé ohùn sókè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí ẹní wọn. Sìmbíátù jókòó sórí àpótí nínú ọgbà, ó fi ìborùn bo ojú.

Ní ilé ìwòsàn, yàrá méjì ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní yàrá àkọ́kọ́, Nọ́ọ̀sì Yẹ́misí á béèrè bí ara ṣe ń ṣe, orí fífọ́, ẹnu gbígbẹ, inú kíkún. Ní yàrá kejì, ẹlòmíràn á béèrè nípa ọkàn.

"Bàbá, tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹnu yín fún wọn o," Yẹ́misí máa ń kìlọ̀ fún un. "Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Kí ló fà á?"

"Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò pé èyí tí ẹ ń lò nìyí. Èèyàn ni wọ́n, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kọ ọ́ pé ara yín yá jù bó ṣe yá lọ."

Ó pa Bùràímọ̀ lẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu gbígbẹ náà dé ní yàrá kejì bí ọmọ tó jí súgà lá. Ṣùgbọ́n kò pa á dé lórí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà, tiyín ńkọ́? Ṣé ó ń gbẹ?"

Jacob yọ ahọ́n rẹ̀ díẹ̀, ó tún fà á wọlé. "Rárá. Omi kún ẹnu mi bíi ti ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ ká fún un láyè."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ládàánì. Òfìfo ni wọ́n fún mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ, mo mọ ìgbà tí mo bá gba òdo." Ó fẹ́ fi ṣàwàdà, àmọ́ kò sí àwàdà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Jacob ò wá. Bùràímọ̀ dúró títí oòrùn fi kanrí. Yẹ́misí ní òun ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e, àwọn sì máa rán ẹnì kan lọ wò ó. Bùràímọ̀ dúpẹ́, ó lọ sílé, àmọ́ ó gbé oúnjẹ ọ̀sán tì. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn má gbé fóònù. Òun náà ti dùbúlẹ̀ rí tí fóònù ń dún létí òun, tó ń wò ó.

"Ìyá Naimat, mò ń lọ sí Ara."

"Lónìí?"

"Nísinsìnyí."

Sìmbíátù ò bá a jiyàn. Ó di ẹ̀wà àti dòdò sínú abọ́ tuntun kan lára ọjà rẹ̀, ó gbé e fún un, ó sì dúró níwájú ilé títí ọ̀kadà fi gbé e kọjá kọ̀nà.

Ní Ara, wọ́n júwe ilé Tíṣà Jacob fún un. Ilẹ̀kùn ò tì. Jacob wà ní ẹ̀yìnkùlé lórí àga onígi, nínú ẹ̀wù tó ti fi sùn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Kò yà á lẹ́nu láti rí àlejò. Kò sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́. Ìgò oògùn wà lójú fèrèsé.

"Ọjọ́ mélòó ni ẹ ti ṣíwọ́ ẹ̀?" Bùràímọ̀ béèrè.

"Mẹ́fà."

Bùràímọ̀ gbé abọ́ ẹ̀wà náà dání. Ó wọ ilé ìdáná, ó bá àwo tó ti dọ̀tí jọ, ó ká apá àgbádá rẹ̀ sókè, ó fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bu ẹ̀wà sí méjì nínú wọn, ó gbé e jáde. Ó jẹun tirẹ̀ láìwo Jacob. Nígbà tó pẹ́, ó gbọ́ tí ṣíbí kejì kan àwo.

"Ẹ máa lò ó," ó wí nígbà tí wọ́n jẹun tán.

"Òfìfo yẹn? Kí ló fẹ́ ṣe fún mi?"

"Mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ òfìfo, kò ní pa yín. Àmọ́ bẹ́ǹṣì yẹn gùn jù fún èmi nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ẹ lò ó nítorí tèmi, kí a lè jọ máa wá."

Jacob fi imú rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí Bùràímọ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, Bùràímọ̀ sì fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò gbé e kúrò títí ó fi dákẹ́. Jacob fúnra rẹ̀ ló dìde lọ mú ìgò náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ fún Yẹ́misí iye ọjọ́ tí òun ò lò ó, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ara Jacob ò yá bíi ti Bùràímọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó mẹ́nu bà á láàárín ọ̀rọ̀ pé òun sùn mọ́jú. Bùràímọ̀ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo èèyàn wò wọ́n.

Ìwádìí parí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí dókítà tó pe àwọn aláìsàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí kálukú lò. Bùràímọ̀ àti Sìmbíátù wọ aṣọ tó dáa lọ, wọ́n fẹ́ lọ dúpẹ́ ni. Dókítà Adébáyọ̀ ṣí ìwé, ó kà á, ó sì gbé ojú sókè.

"Bàbá, èyí tí kò ní oògùn ìsoríkọ́ nínú lẹ lò."

Sìmbíátù rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. "Dókítà, ẹnu wọn gbẹ."

"Ó gbẹ lóòótọ́, Màmá. A fi nǹkan kékeré tó ń mú ẹnu gbẹ sínú rẹ̀ ni. A sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé èyíkéyìí lè ṣe é."

"Kí lẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí?" Bùràímọ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Nítorí pé bí ẹnu bá gbẹ, aláìsàn á gbà pé oògùn gan-an lòun ń lò. Ìgbàgbọ́ yẹn nìkan tó láti gbé èèyàn dìde. Bó bá jẹ́ pé ẹnu àwọn tó lo oògùn nìkan ló ń gbẹ, a ò ní mọ ohun tí oògùn ṣe yàtọ̀ sí ohun tí gbígbẹ ẹnu ṣe. A fẹ́ kí gbígbẹ ẹnu wà níhà méjèèjì."

"Mo wá tan ara mi jẹ."

"Rárá o. Mo ka gbogbo ìdáhùn yín. Ara yín yá. Oorun yín padà, oúnjẹ padà. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún yín pé irọ́ ni."

Bùràímọ̀ dúpẹ́, torí pé ọmọlúàbí ni. Àmọ́ ojú tì í bó ṣe ń rìn jáde. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló ti sọ fún pé oògùn òyìnbó ló wo òun sàn. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ọjọ́ kejì, ó pe ìrun, àmọ́ bó ṣe ń pè é ló ń tẹ́tí sí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ olè lórí àjà. Ṣé àìsàn náà máa padà wá báyìí tóun ti mọ̀?

"Ẹ wò ó," Sìmbíátù sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń to ike sínú ara wọn. "Èmi ò mọ ohun tó gbé yín dìde, n ò sì ní pa irọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí Ara, ta ló ní kí ẹ lọ? Ṣé inú ìgò nìyẹn náà wà?"

Bùràímọ̀ bá a to ike tó kù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Jacob wá láti Ara pẹ̀lú odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan léjìká. Òun náà ti gbọ́ èyí tóun lò. Ó jókòó, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

"Ti gidi ni tèmi, Ládàánì. Ẹnu mi ò gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà ní àwọn kan wà tí ẹnu wọn kì í gbẹ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Mo ti fẹ́ sọ ọ́ sínú ààtàn. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n máa lò ó."

Bùràímọ̀ wò ó, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mì í léjìká. Jacob náà bá a rín in. Sìmbíátù ń wò wọ́n láti ibi ọjà rẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín, inú rẹ̀ sì dùn.

Síbẹ̀ ẹ̀rín yẹn ò lé gbogbo rẹ̀ lọ. Ní bí oṣù kan sí i, Bùràímọ̀ jí lọ́jọ́ kan, bàtà rẹ̀ sì tún ti jìnnà. Ní ọdún tó kọjá, oṣù mẹ́ta ló fi pa á mọ́ra. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"Ìyá Naimat, ó ti ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí, ó ti ń wá gèlè.

Dókítà Adébáyọ̀ fún un ní oògùn náà, èyí tó ní oògùn nínú, ní gbangba, láìsí àdìtú kankan. Ó ní kó fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó má sì fi ẹnu rẹ̀ wọn nǹkan kan. Bùràímọ̀ ń lò ó láàárọ̀, Jacob náà ń lo tirẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bùràímọ̀ á pe Ara lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀. "Mo ti lò ó." "Èmi náà ti lò ó." Nígbà míì wọ́n á sọ ti òjò, nígbà míì ti ọmọ Naimat tó ti ń dìde dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, fóònù dún títí ní Ara, kò sẹ́ni tó gbé e. Bùràímọ̀ tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó wọ bàtà, ó sọ fún Sìmbíátù pé òun ń lọ pe ọlọ́kadà, ó sì ń de bọ́tìnnì bó ṣe ń jáde. Ó ti dé kọ̀nà kí fóònù tó dún ní àpò rẹ̀.

"Ládàánì, ẹ má bínú o." Jacob ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Ilé ni mo gbàgbé fóònù sí. Mo ti wà lóko láti ìgbà tílẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, òjò àná ti mú ilẹ̀ rọ̀, mo ní kí n tètè gbin àgbàdo sí i."

Bùràímọ̀ dúró láàárín títì. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè fún un, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Pooro mélòó lẹ ti gbìn?" ó béèrè.

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin péré? Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ wá ràn yín lọ́wọ́."